Bí àdúgbò ṣe lè gbé eré tirẹ̀ kalẹ̀ nígbà àjọ̀dún ìlú ní Àbújá

Ìṣẹ́tí ni à ń pe etí aṣọ, níbi tí òwú ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í tú bí aránṣọ kò bá ká a kí ó sì rán an mọ́lẹ̀. Òun náà ni ìtumọ̀ orúkọ tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì fún irú àjọ̀dún eré tí wọ́n ń pè ní fringe. Ní ọdún 1947, nígbà tí ìlú Edinburgh ní Scotland ṣe àjọ̀dún ńlá wọn àkọ́kọ́ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ẹgbẹ́ eléré mẹ́jọ tí ẹnikẹ́ni kò pè wá sí ìlú náà, wọ́n wá ibi tí wọ́n lè dúró sí fúnra wọn, wọ́n sì ṣeré. Nígbà tí wọ́n wá dá ẹgbẹ́ alákòóso kan sílẹ̀ ní ọdún 1958, iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ni kí ó máa tẹ ìwé ètò kí ó sì máa ta tíkẹ́ẹ̀tì. Wọn kò fún un láṣẹ láti ṣa ẹni tí yóò ṣeré àti ẹni tí kò ní í ṣe é. Láti ìgbà náà ni irú àjọ̀dún bẹ́ẹ̀ ti tàn kálẹ̀, tí ó fi dé Èkó ní ọdún 2018. Àwa Yorùbá kò sì ṣàjèjì sí i, nítorí àwọn alárìnjó ti ń gbé eré láti ìlú dé ìlú tipẹ́tipẹ́. Clapperton, òyìnbó tí ó dé Ọ̀yọ́ Ilé ní ọdún 1826, wo eré wọn níbẹ̀, ó sì kọ ohun tí ó rí sílẹ̀.

Ní Àbújá, àjọ̀dún tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ni Carnival tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2005, tí àwọn ẹgbẹ́ láti oríṣiríṣi ìpínlẹ̀ ti jó kọjá lójú títì láàárín ìlú, tí àwọn ẹlẹ́ṣin àti eégún náà sì ti jáde. Ó dára, ó sì wuyì, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń gbé ní Nyanya, Karu, Kubwa tàbí Lugbe, owó ọkọ̀ àti sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ojú ọ̀nà ti tó láti dá a jókòó sílé. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín ni bí àdúgbò bẹ́ẹ̀ ṣe lè gbé eré tirẹ̀ kalẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ìlú bá ń ṣe àjọ̀dún, láìdúró de ìwé ìpè, àti pàápàá jù lọ, bí eré náà yóò ṣe jẹ́ ti àwọn ará àdúgbò ní tòótọ́, tí kò ní í jẹ́ ohun tí a kó wá láti ibòmíràn kí wọ́n kàn jókòó wò ó.

Ẹ má ṣe fi kánópì bẹ̀rẹ̀. Rírìn ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ó kéré tán, nígbà tí ó bá ku oṣù mẹ́ta kí ọjọ́ eré pé, kí ẹni méjì tàbí mẹ́ta nínú yín máa rìn káàkiri àdúgbò ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn ènìyàn bá ti ti ibi iṣẹ́ dé tí wọ́n jókòó síwájú ilé. Ẹ má ṣe bi wọ́n bóyá òṣèré ni wọ́n, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò dáhùn pé rárá. Ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n máa ń ṣe níbi ìsọmọlórúkọ, níbi ìgbéyàwó àti níbi òkú àgbà; ẹ bi wọ́n ní orin tí ìyá wọn máa ń kọ nídìí ọlọ, àti ìtàn tí bàbá wọn máa ń pa fún wọn ní alẹ́. Kí ẹnì kan mú ìwé ìkọ̀wé lọ́wọ́, kí ó kọ orúkọ ẹni náà, èdè tí ó ń sọ, ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe, àti ọjọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń dilẹ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí a ṣe irú ìrìn yìí ní Nyanya, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì a ti rí bíríkìlà kan tí a bí sí agbo ilé onílù, tí ó fi ọ̀rá we ìyáàlù rẹ̀ tí ó sì gbé e kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn láti ìgbà tí ó ti dé Àbújá. A rí káfíńtà kan, ọmọ Tiv, tí ó ń gbẹ́ ọmọlangidi onígi fún eré Kwagh-hir, eré ìbílẹ̀ wọn tí UNESCO kọ sínú àkójọ àṣà àjogúnbá aráyé ní ọdún 2019. Ó fà wọ́n yọ lábẹ́ ibùsùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fa okùn kan, ọmọlangidi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gúnyán. A rí ìyá àgbàlagbà kan, ọmọ Gbagyi, tí ó ṣì ń mọ ìkòkò lẹ́yìnkùlé bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ike ni àwọn oníbàárà ń rà báyìí. Ó ń rìn yí ìkòkò náà ká bí ó ṣe ń mọ ọ́n, ó ń rìn sẹ́yìn, ọwọ́ kan nínú, ọwọ́ kan lóde, ó sì ń kọrin wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sí i. Gbogbo wa la ní owó ogún náírà rí, tí àwòrán Ladi Kwali, ògbóǹtarìgì amọ̀kòkò ọmọ Gbagyi, wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nínú wa tí ó mọ̀ pé amọ̀kòkò wà ní ojúlé kẹta sí tiwa.

Bí ẹ bá wo ìwé yín tí ó jẹ́ pé orúkọ Yorùbá nìkan ni ó kún inú rẹ̀, ẹ padà lọ rìn sí i. Kí òfin ọdún 1976 tó sọ ilẹ̀ Àbújá yìí di olú-ìlú, àwọn Gbagyi, Koro, Gade, Bassa, Gwandara àti àwọn mìíràn ni ó wà lórí rẹ̀, eré àdúgbò tí kò bá sì ní ohùn wọn nínú kò tíì di ti àdúgbò. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó ronú lórí ohun tí ẹ ó ṣe. Àwọn orin àti ijó tí ẹ ti rí lè tó fún ìdajì ètò náà, ṣùgbọ́n mo gba yín níyànjú pé kí ẹ fi eré kan kún un tí àwọn ará àdúgbò fúnra wọn hun pọ̀. Àríwá orílẹ̀-èdè yìí gan-an ni a ti lè kọ́ bí a ṣe ń ṣe é, nítorí láti ìparí àwọn ọdún 1970 ni àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka eré ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria ti ń jáde lọ sí abúlé àwọn àgbẹ̀, tí wọ́n ń béèrè ìṣòro wọn, tí wọ́n sì ń bá wọn sọ ìṣòro náà di eré tí àwọn àgbẹ̀ náà ń kópa nínú rẹ̀. Wọn kì í gbé ìwé eré tí a ti kọ sílẹ̀ lọ bá wọn. Ìpàdé mẹ́fà tó, bí ẹ bá ń pàdé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún wákàtí méjì, tí ẹ kò sì jẹ́ kí ó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí yóò ti rẹ àwọn tí ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́.

Ní ìpàdé àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ nìkan ni kí ẹ sọ: kí ni ó ń dun àdúgbò yìí? Ní tiwa, ọ̀rọ̀ omi ni ó borí. Ní ìpàdé kejì, kí olúkúlùkù sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí lórí ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ sì yan ìtàn kan tàbí méjì tí gbogbo ènìyàn mí kanlẹ̀ sí. Ìpàdé kẹta ni kí wọ́n dìde dúró kí wọ́n ṣe é láìkọ ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń ta omi, ìyẹn mai ruwa, wà láàárín wa, ẹlòmíràn ni a sì kọ́kọ́ ní kí ó ṣe ipò rẹ̀. Nígbà tí ó rí bí ẹni náà ṣe ń ja kẹ́ẹ̀gì omi sílẹ̀ láti inú ọmọlanke, kò lè mú un mọ́ra. Ó dìde, ó fi òkúta ti táyà, ó gbé kẹ́ẹ̀gì kan sílẹ̀ láti iwájú, ó gbé òmíràn láti ẹ̀yìn, iwájú, ẹ̀yìn, ó ní bí a bá kó ti iwájú tán lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí ọmọlanke yóò jálẹ̀, omi ọjọ́ náà yóò sì dànù. Láti ìgbà náà lọ, òun ni ó ṣe ipò ara rẹ̀. Ọjọ́ tí a ṣe eré náà, àwọn mai ruwa mẹ́sàn-án ni wọ́n gbé ọmọlanke wọn sí ẹ̀gbẹ́ pápá tí wọ́n dúró wò ó, tí wọ́n sì ń pariwo ìtọ́ni sí i ní èdè Hausa. Ìpàdé kẹrin àti ìkarùn-ún wà fún títún eré ṣe. Ìkẹfà, ẹ pe àwọn aládùúgbò díẹ̀ wá wò ó kí wọ́n sì sọ ibi tí kò bá òótọ́ mu. Ẹ tún un ṣe bí wọ́n ti wí, kódà bí ibi tí ẹ fẹ́ràn jù ni wọ́n bá ní kí ẹ yọ.

Ní ti èdè, ẹ má ṣe ṣe àṣìṣe tí mo ṣe. Ní ọdún kan, èmi ni mo kọ ìwé ìkéde, èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni mo sì fi kọ ọ́, nítorí mo rò pé gbogbo ènìyàn ní Àbújá ni ó gbọ́ ọ. Àwọn tí ó wá kò kún ìdajì àga, nígbà tí mo sì béèrè lọ́wọ́ ìyá kan tí ó ń ta kòkó, ìyẹn ẹ̀kọ mímu àwọn Hausa, nítòsí pápá náà, ó ní òun rí ìwé náà, ṣùgbọ́n òun rò pé ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Láti ìgbà náà, Hausa, Yorùbá àti Pidgin ni a fi ń kéde, a sì ń bẹ àwọn ará Gbagyi kí wọ́n bá wa kéde tiwọn lẹ́nu, nínú ọjà àti lẹ́yìn ìsìn. Lórí pápá, ẹ má ṣe máa túmọ̀ gbogbo gbólóhùn, nítorí ó máa ń pa eré. Kí atọ́kùn ètò sọ kókó ìtàn náà ní èdè méjì tàbí mẹ́ta kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí olúkúlùkù sọ èdè rẹ̀ nínú eré gẹ́gẹ́ bí ó ti ń sọ ọ́ lójú títì.

Ibi tí ẹ ó lò ṣe pàtàkì ju bí ó ti lẹ́wà tó lọ. Pápá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí àwọn ọmọdé ń gbà kọjá lójoojúmọ́, yóò fa èrò ju gbọ̀ngàn tí ó ní ẹ̀rọ amúlétutù lọ, nítorí ẹ̀rù gbọ̀ngàn máa ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kí ẹ tó kọ lẹ́tà kankan, ẹ lọ rí mai unguwa, ìyẹn baálẹ̀ àdúgbò, pẹ̀lú obì lọ́wọ́, kí àgbàlagbà kan sì ṣáájú yín. Bí ó bá gbọ́ nípa ètò yín lẹ́nu ẹlòmíràn kí ó tó gbọ́ ọ lẹ́nu yín, ẹ ti ba nǹkan jẹ́ púpọ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà yóò lọ sí ọ́fíìsì àwọn aláṣẹ ìbílẹ̀, sí DPO, ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá, àti sí àjọ ààbò Civil Defence, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Ẹ mọ ẹni tí ó ni ilẹ̀. Nyanya àti Karu wà lábẹ́ AMAC, ìyẹn ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ tí ó ń ṣàkóso àárín ìlú Àbújá, Kubwa wà lábẹ́ ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ Bwari, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọjá Nyanya díẹ̀ tí ẹ dé Mararaba, ẹ ti wọ Ìpínlẹ̀ Nasarawa, ìjọba ìbílẹ̀ tí ó ni ibẹ̀ náà sì ń jẹ́ Karu. Orúkọ kan náà ni, ìpínlẹ̀ méjì ni. Àwa fi lẹ́tà wa sí ọ́fíìsì tí kò kàn, ó sùn síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rìnlá kí ẹnì kan tó sọ fún wa, díẹ̀ ló kù kí ètò náà má wáyé.

Ọ̀rọ̀ ààbò kì í ṣe ohun tí a ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ní agbègbè wa. Àwọn ará Nyanya kò tíì gbàgbé bọ́ǹbù tí ó dún ní ibùdókọ̀ wọn ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin ọdún 2014, àwọn mìíràn sì wà tí kì í dúró níbi tí èrò bá pọ̀ sí títí di òní. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọkọ̀ kankan dúró sí ẹ̀gbẹ́ pápá, kí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò tí gbogbo ènìyàn mọ̀ dúró sí ẹnu ọ̀nà, kí ọ̀nà àbájáde má sì dín ní méjì. Bí àwọn ènìyàn bá rí i pé ẹ ti ro ọ̀rọ̀ náà, ọkàn wọn yóò balẹ̀ láti jókòó.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé ni mo fara mọ́ jù. Ọjọ́ Ẹtì kò dára nítorí ìrun Jímọ̀, àárọ̀ ọjọ́ Àìkú sì jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ dúró kí àwọn Mùsùlùmí kí ìrun ìrọ̀lẹ́ tán, kí ẹ sì parí kí oòrùn tó wọ̀, kí ẹni tí yóò kí Mọ̀gáríbì lè kí i, kí ẹni tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá sì rí ọkọ̀ padà. Òjò máa ń rọ̀ ní Àbújá láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá. Bí àjọ̀dún ìlú bá bọ́ sí àkókò náà, ẹ wá iyàrá ìkàwé tí ẹ lè sá sí, kí ẹ sì sọ fún onílù kí ó tètè dé, nítorí awọ dùndún máa ń dẹ̀ nígbà tí ojú ọjọ́ bá tutù, yóò sì ní láti fi iná yá a kí ohùn rẹ̀ tó padà. Ní àkókò ọyẹ́, eruku ni ẹ ó bá jà, nítorí náà ẹ wọ́n omi sí pápá ní ọ̀sán.

Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni owó àti wàhálà máa ń pọ̀ sí. Ẹ kọ ẹ̀yìn sípíkà sí mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìwòsàn. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà tó ọgbọ̀n ìṣísẹ̀, sẹ́yìn ògiri bí ó bá ṣeé ṣe, ní apá ibi tí afẹ́fẹ́ kò ní í ti gbé èéfín rẹ̀ wá bá èrò, kí ẹ sì dán gbogbo rẹ̀ wò ní ọjọ́ tí ó ṣáájú. Máìkì méjì tí ó ṣiṣẹ́ dáadáa sàn ju mẹ́fà tí ń ké lọ. Ẹ tẹ́ ẹní síwájú fún àwọn ọmọdé, ẹ fi àyè sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà fún ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ aláìlera, ẹ sì rí i pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ó mọ́ tí ó sì ní omi wà, nítorí àwọn ìyá ọlọ́mọ kò ní í pẹ́ níbi tí kò bá sí.

Owó tí ẹ ó ná kéré, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kọ́bọ̀ kọ́bọ̀, kí ẹ sì lẹ ìṣirò rẹ̀ mọ́ ara ògiri ilé ẹ̀kọ́ náà lẹ́yìn ètò. Owó ọkọ̀ àti oúnjẹ àwọn tí ó ṣeré ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀. Ohun kan wà tí àwa Yorùbá gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn níbi tí ìlù bá ti ń dún: òfin Báǹkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 ka owó náírà níná sí ènìyàn lára àti fífi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀ṣẹ̀, ìjìyà rẹ̀ kò sì dín ní ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta náírà, tàbí méjèèjì pọ̀. Ìjọba ti ń mú àwọn ènìyàn lórí rẹ̀ ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí. Kí ìwúrí onílù má baà di ẹjọ́, a gbé igbá ńlá kan síwájú pápá, atọ́kùn ètò sì ń fi ẹ̀rín bẹ àwọn ènìyàn pé inú igbá ni kí wọ́n fi ẹ̀bùn wọn sí. Àwọn onílù sì wá kí olúkúlùkù tí ó bá dé ìdí igbá náà ní oríkì, ìyẹn sì dùn mọ́ wọn nínú ju bí a ti rò lọ.

Ní kété tí ẹ bá ti mọ ọjọ́ yín, ẹ kọ sí àwọn alákòóso àjọ̀dún ìlú pé kí wọ́n fi orúkọ ètò yín sínú ìwé ètò wọn. Bí wọ́n bá gbà, ó dára. Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ má ṣe dá iṣẹ́ dúró.

Lẹ́yìn ọjọ́ eré, ẹ ka àga kí ẹ tó dá wọn padà, ẹ ṣa gbogbo ọ̀rá omi pía tí ó wà lórí pápá kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó dé ní ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn náà kí ẹ wá mú fọ́tò àti fídíò yín lọ bá àwọn tí ó wà nínú wọn, ní ilé wọn, kí ẹ tó gbé ohunkóhun sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn òbí ni kí ó fọwọ́ sí ti ọmọdé. Nígbà tí a gbé fóònù dé ọ̀dọ̀ ìyá amọ̀kòkò wa, ó gbọ́ orin ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ní kí a tún un lù, lẹ́yìn náà ó na ìka sí ojú fóònù náà, ó sì sọ fún ọmọbìnrin rẹ̀ pé kí ó sọ fún wa pé ẹsẹ kẹta jẹ́ ti ọmọ òun kan tí ó ti kú, àti pé àwọn ará àdúgbò lè gbọ́ ọ lórí pápá, ṣùgbọ́n òun kò fẹ́ kí ó rìn jìnnà. A gé ẹsẹ náà kúrò níwájú rẹ̀.